Afẹ́fẹ́, Kòkòrò, Ojú Ọjọ́: Ọmọ Ẹlẹ́ja Kan àti Ìbéèrè Sáyẹ́ǹsì Nínú Ìdánwò Iṣẹ́ Ìjọba

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kejì ọdún 2024 ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kọ́kọ́ wọ yàrá tí mo ti ń kọ́ àwọn tó ń múra ìdánwò iṣẹ́ ìjọba ní Yábàá. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, “Ẹ̀gbọ́n, gírámà kọ́ ló dá mi padà o. Ìṣirò náà kọ́. Sáyẹ́ǹsì ni.” Ẹni ọdún 29 ni. Ó ti gba HND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì ti jókòó fún ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò yege. Makoko ni ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja. Lójoojúmọ́ ni ọmọ yìí máa ń bá a ru ẹja lọ sí Oyingbo kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kó tó wá gba ibi iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe lọ.

Irú ìdánwò yìí kì í sọ ibi tí èèyàn ti kọsẹ̀ fún un, nítorí náà mo bi í pé kí ló jẹ́ kó dá a lójú pé sáyẹ́ǹsì ni. Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣe ìdánwò náà ló ti jókòó, tó kọ gbogbo ìbéèrè tó rántí sílẹ̀, tó sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ èyí tó kàn mú ìdáhùn rẹ̀ láìmọ̀dí. Ìlà pupa 21 ni mo kà. 17 nínú wọn jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì àti àyíká. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò rí ẹni tó mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá rí. Òun ló jẹ́ kí n gbà láti máa kọ́ ọ lọ́tọ̀.

Fún ẹni tí kò mọ irú ìbéèrè tí mò ń wí, kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ̀. Wọ́n lè bi èèyàn ní ohun tó ń fa onígbáméjì, kí wọ́n bi í ní ìdá tí oxygen jẹ́ nínú afẹ́fẹ́, kí wọ́n bi í ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe àyájọ́ àyíká lágbàáyé, kí wọ́n sì tún bi í ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó epo rọ̀bì tó bá dà sínú odò. Ẹni tó ka sáyẹ́ǹsì parí ilé ìwé girama á yanjú púpọ̀ nínú wọn. Ọmọ yìí ti fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ nígbà tó kúrò ní JSS3, ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá.

Ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbà. Mo fún un ní ogún ìbéèrè kó fi dán ara rẹ̀ wò, ó gba mẹ́fà. Mo wá fún un ní ìwé ìbéèrè àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri tí ìdáhùn wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ní kó máa kọ́ ọ sórí, ojú ìwé mẹ́rin lójúmọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Nínú dáńfó, nídìí ẹja, ó ń kà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún mo tún gbé ogún ìbéèrè ka iwájú rẹ̀ láti inú ìwé náà, ó gba 17. Inú mi dùn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo yí àwọn ìbéèrè náà po. Kì í ṣe ohun tuntun ni mo bèèrè, ohun tó wà nínú ìwé kan náà ni, mo kàn dojú rẹ̀ kọ ibòmíràn. Níbi tí ìwé ti bèèrè gáàsì tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nitrogen, ìdá 78 nínú 100, èmi kọ ọ́ báyìí pé: bí a bá ní afẹ́fẹ́ lítà 100, lítà mélòó níbẹ̀ ló jẹ́ oxygen? Ó kọ 78. Nígbà tí a máa fi ṣe é tán, méje ló gbà nínú ogún.

Mo ní kó ṣàlàyé 78 náà fún mi. Ó wò mí bí ẹni pé ohun tí mo bèèrè kò yé e. “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí iye afẹ́fẹ́ ni wọ́n ní ká sọ? 78 ni.” Mo ní nitrogen ló ni 78, oxygen ni mo bèèrè, bí ìdá 21 ló sì jẹ́. Ó ní, “Afẹ́fẹ́ ṣáà ni gbogbo wọn.”

Gbólóhùn yẹn ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bi í, Yorùbá ló fi ń rò ó kó tó dáhùn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun tó ń gbé aṣọ kúrò lórí okùn, afẹ́fẹ́ là ń pè é. Ohun tí à ń mí sínú, afẹ́fẹ́. Nitrogen, afẹ́fẹ́, oxygen, afẹ́fẹ́. Èdè wa kò jẹ̀bi nǹkan kan níbẹ̀, kálukú èdè ló ní bó ṣe ń pín ohun ayé. Àmọ́ ẹni tó ṣètò ìdánwò ti pín in lọ́nà tirẹ̀, ibi tó pín in sí gan-an ló sì máa ń ti bèèrè. Mo padà sórí ìwé onílà pupa yẹn. Mẹ́sàn-án nínú ìbéèrè 17 náà ló rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: afẹ́fẹ́, kòkòrò, ojú ọjọ́.

Kòkòrò ló le jù. Ẹ̀fọn, kòkòrò ni. Ohun tí ẹ̀fọn ń gbé sínú ẹ̀jẹ̀ wa, kòkòrò náà ni. Ohun tó wà nínú omi tó ń fa onígbáméjì, kòkòrò àìfojúrí. Ohun tó fa Ebola tó wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, kòkòrò. Ẹ wá fi ibà kún un: ibà lásán, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ibà pọ́njú, ibà Lassa. Bí ìdánwò bá bèèrè pé èwo ni virus ń fà nínú wọn, tí gbogbo wọn sì ń jẹ́ ibà lọ́kàn ọmọ, kí ni yóò dì mú?

A ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Mo ní kó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kó wá máa fa ẹ̀ka sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ kòkòrò, ọ̀nà méjì ló fà: èyí tó ń fa àìsàn gan-an, àti èyí tó kàn ń gbé e kiri. Ibà lásán: Plasmodium ló ń fà á, abo ẹ̀fọn Anopheles ló ń gbé e. Ibà pọ́njú: virus, ẹ̀fọn Aedes. Ibà Lassa: virus, eku, ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, orúkọ ìlú náà ló sì ń jẹ́. Jẹ̀funjẹ̀fun: bakitéríà, oúnjẹ àti omi tó dọ̀tí. Onígbáméjì: bakitéríà tó ń jẹ́ Vibrio cholerae, omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn. Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún náà, tí wọ́n ń kéde pé kí oníkálukú máa se omi kó tó mu ún, kò sí ẹni tó ní láti rán an létí ohun tó wà lójú ìwé yẹn. Òun ló ń ṣàlàyé fún àwọn ará ilé wọn.

Lábẹ́ ojú ọjọ́, ẹ̀ka méjì ló tó: ohun tí ọjọ́ òní ń ṣe, bóyá òjò tàbí oòrùn, àti bí ojú ọjọ́ ibì kan ṣe máa ń rí tí a bá kó o jọ fún ìgbà pípẹ́, tí àwọn onímọ̀ sábà ń fi ọdún 30 wọ̀n. Ó ní òun á máa pe èkejì yìí ní “ìwà ojú ọjọ́”. Mo fẹ́ràn orúkọ náà, mo sì ti ń lò ó fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi láti ìgbà yẹn. Oòrùn tó mú janjan lọ́jọ́ kan kò sọ pé ìwà ojú ọjọ́ ti yí padà, bí ẹni tó bínú lẹ́ẹ̀kan kò ṣe tíì di onínúfùfù.

Ojú ìwé afẹ́fẹ́ ni a wà nígbà tí a kan àṣìṣe tó jẹ́ tèmi. Ìbéèrè kan nínú ìwé àtijọ́ yẹn ní ká sọ ohun tó ń ba ozone jẹ́, ìyẹn gáàsì tó wà lókè òfuurufú tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé ni carbon dioxide. Ọmọ náà ti kọ́ ọ sórí, ó sì ti fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbà á gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn gáàsì tí wọ́n ń pè ní CFC, tó wà nínú fíríìjì àtijọ́ àti nínú agolo oògùn fífín àtijọ́, ni olórí ọ̀tá ozone. Torí wọn ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fọwọ́ sí àdéhùn Montreal ní 1987, ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án sì ni àyájọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. N kò yẹ ìdáhùn inú ìwé náà wò kí n tó gbé e lé e lọ́wọ́. Nígbà tí mo wá jókòó tì í, ìdáhùn 11 ni mo rí tí kò tọ̀nà, nínú apá sáyẹ́ǹsì nìkan. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé kankan lé ọmọ lọ́wọ́ tí ẹ kò bá tíì fi ojú ara yín wo ìdáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ó burú, nítorí ohun tí èèyàn ti kọ́ sórí kì í tètè kúrò níbẹ̀. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí mo bá ti dárúkọ ozone báyìí, á ní òun ló jẹ́ kí ayé máa gbóná.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù karùn-ún ni mo lọ kí ìyá rẹ̀ ní Makoko. Mo bá a nídìí àgbá tí wọ́n gé sí méjì. Iná igi ń jó nísàlẹ̀, àwọ̀n irin wà lókè, ẹja tò sórí rẹ̀ ní ìlà-ìlà, orí ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù èkejì, ó sì fi páànù kan bo gbogbo rẹ̀. Èéfín ń yọ létí páànù náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ kú àbọ̀ o. Ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu?” Mo ní ó ń gbọ́ràn dáadáa, mà. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bi ìyá pé kí ni páànù yẹn wà fún.

“Kí ooru má baà sá lọ ni. Ẹ ò rí i pé iná tí mo dá ò pọ̀? Tí mo bá ti dé e, ooru á jókòó síbẹ̀, ẹja á yan dénú. Tí mo bá ṣí i sílẹ̀, igi á jó tán, inú ẹja á ṣì tutù.”

Mo yíjú sí ọmọ náà, n kò sọ nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ní, “Carbon dioxide ni páànù.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, “Ozone ńkọ́?” Mo nawọ́ sí agboòrùn ńlá tí ìyá rẹ̀ fi bo ara rẹ̀ àti ọjà rẹ̀. Páànù ń dá ooru tó fẹ́ jáde dúró. Agboòrùn ń dá ohun tó fẹ́ wọlé dúró, ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ ara. Bí agboòrùn bá lu, páànù kọ́ ló lu ú. Láti ọjọ́ náà kò tún da méjèèjì pọ̀ mọ́.

Àfiwé kì í bá ohun tí a fi í wé dọ́gba tán, ó sì yẹ kí olùkọ́ sọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Páànù ń sé afẹ́fẹ́ gbígbóná gan-an mọ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ni àwọn gáàsì bíi carbon dioxide àti methane ń gba ooru tí ilẹ̀ ń tú jáde mú lójú òfuurufú, tí wọ́n sì ń dá apá kan rẹ̀ padà sílẹ̀. Mo sọ èyí fún un lọ́jọ́ kejì, kó má baà di pé a fi àṣìṣe kan rọ́pò òmíràn.

Mo ti ra ẹja mi, mo fẹ́ máa lọ, ni ìyá náà bá nawọ́ sójú omi. “Ẹ wo ojú ọ̀sà yìí bó ṣe mọ́, Tíṣà. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, koríko á dé. Ọkọ̀ ò ní rọ́nà gbà, àwọ̀n á máa ya.” Mo ní ibo ló máa ń lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. “Ó ń kú ni. Kò fẹ́ràn iyọ̀. Ìgbà tí omi bá dùn ló ń wá.”

Koríko tó ń wí yìí ni ìwé ìdánwò ń pè ní water hyacinth. Kì í ṣe ojú oró, kì í ṣe òṣíbàtà, àwọn tí à ń fi ṣàdúrà pé ká lékè. Àjèjì ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, òdòdó rẹ̀ tó lẹ́wà ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa mú un káàkiri ayé, ní 1984 ni wọ́n sì rí i lójú omi lọ́nà Badagry. Mo ti kọ́ ọmọ yìí ní gbogbo èyí nígbà kan, ó ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Kò kàn mọ̀ pé sáyẹ́ǹsì ni.

A fi àpótí ẹja jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Kí ló ń mú omi ọ̀sà dùn? Òjò, àti odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun tó ń dà sínú rẹ̀. Kí ló ń mú un padà níyọ̀? Òkun tó ń wọlé nígbà tí odò bá ti fà. Kí ni odò ń gbé bọ̀ yàtọ̀ sí omi? Ó ronú díẹ̀. Ajílẹ̀ inú oko. Ìgbẹ́. Omi ọṣẹ. Kí ni ìyẹn ń ṣe fún koríko? Ó ń bọ́ ọ. Bí koríko bá wá bo ojú omi ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ ò ní wọlé mọ́, ewé tó wà nísàlẹ̀ ò ní lè ṣe oxygen. Èyí tó bá kú á jẹrà, jíjẹrà náà á tún máa gba oxygen tó ṣẹ́kù. Ìyá rẹ̀ ń yí ẹja padà, kò wojú wa, ó kàn dá sí i pé, “Ẹja á máa yọ ẹnu sókè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Tó o bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti kú.” Orí kan gbáko nínú ìwé àyíká la kà tán lórí àpótí yẹn, kò sì sí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kíkọ́ ìdáhùn sórí parí lọ́jọ́ náà. Ohun yòówù kí ìbéèrè bèèrè, nǹkan méjì la kọ́kọ́ ń wá: kí ló fà á, kí ló sì máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ààtàn Olúsósùn ní Òjótà ló fi kọ́ methane. Oúnjẹ tí wọ́n dà nù wà nísàlẹ̀, ìdọ̀tí mìíràn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, oxygen kò dé ibẹ̀, ó jẹrà, methane jáde. Methane sì máa ń gbaná. Nígbà tó débẹ̀ ló rántí iná tó jó ààtàn náà ní oṣù kẹta ọdún 2018, tí èéfín rẹ̀ gba gbogbo Òjótà.

Nínú oṣù keje ó pè mí ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Òjò ń rọ̀, alábàágbé wọn kan sì gbé jẹnẹrétọ̀ wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí omi má baà bà á jẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ní fèrèsé wà ní ṣíṣí. Kí ni kí n sọ fún un?” Mo ní kó sọ ohun tó kọ sínú ìwé. Ohun tó kọ síbẹ̀, lábẹ́ afẹ́fẹ́, mo ṣì ń rántí rẹ̀ bó ṣe kọ ọ́: “Carbon dioxide, ọmọ iná tó rí afẹ́fẹ́ jẹ yó. Carbon monoxide, ọmọ iná tí afẹ́fẹ́ kò tó. Èyí èkejì kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó ju 200 bí oxygen ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ojú oorun ló ń pani sí.” Ó lọ kà á fún ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n jọ gbé ẹ̀rọ náà padà síta, wọ́n fi tapólì ta ibòji lé e, ó sì jìnnà sí ògiri ilé. Nínú gbogbo ìbéèrè tí a ṣe lọ́dún yẹn, òun ló dùn mọ́ mi jù pé ó gbà.

Apá òfin àti iléeṣẹ́ ìjọba ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, torí lẹ́tà gígékúrú ló kún ibẹ̀: FEPA, NESREA, NOSDRA, LAWMA, LASEPA. Bí a bá tò wọ́n sójú pátákó bẹ́ẹ̀, wọn kì í pẹ́ lọ́kàn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Koko. Ní 1988 ni àṣírí tú pé àwọn kan ti kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí ìlú Koko, ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà tó ti di Delta lónìí, wọ́n kó o pamọ́ sínú àgbá ní agbo ilé ẹnì kan. Kò sí òfin kan pàtó, kò sí iléeṣẹ́ kan pàtó tó lè kojú irú rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ológun ti ṣòfin tó sọ dída ìdọ̀tí olóró sílẹ̀ di ọ̀ràn, òfin 58 sì ti bí FEPA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ààbò àyíká. Àdéhùn Basel lórí kíkó ìdọ̀tí olóró kọjá ibodè jáde lágbàáyé ní 1989, ti Áfíríkà tó ń jẹ́ Bamako tẹ̀ lé e ní 1991. Ní 1999 FEPA wọ inú iléeṣẹ́ mínísítà àyíká tí ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ní 2007 NESREA dé láti rí i pé àwọn èèyàn ń pa òfin àyíká mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì kò sí lábẹ́ rẹ̀. NOSDRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ló ni ìyẹn. Ọmọ náà ní, “Ìtàn ìdílé mà ni.” Ó yà á bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, Koko lókè bíi baba ńlá, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ nísàlẹ̀. Ti Èkó kò gbà wá lákòókò: LAWMA ń kó ìdọ̀tí, LASEPA ń ṣọ́ ẹni tó ń ba àyíká jẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti fòfin de ike funfun onífóòmù tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ láti oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o kúrò lójú gọ́tà rí. Ní ti ọjọ́ àyájọ́ àyíká, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, ó tó kó mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni ìpàdé àgbáyé lórí àyíká ṣí ní Stockholm ní 1972.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ́ra níbẹ̀. A fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ìyẹn, mo sì kọ́ ọ pé kó fo èyí tó bá gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kó padà wá sórí rẹ̀ nígbà tó bá yá.

Ó yege ìdánwò náà, wọ́n sì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀ bi í pé kí ló dé tí omi fi ń kún títì ní Erékùṣù Èkó, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sà àti òkun ló yí i ká, tó yẹ kó rọrùn fún omi láti lọ. Ó ní òun kò sáré. Ó sọ fún wọn pé ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, pé inú ọ̀sà ni gọ́tà ń dà sí, àti pé bí òjò bá bá ìgbà tí òkun kún pàdé, ọ̀sà á ti ga bo ẹnu gọ́tà, omi òjò á wá máa padà sẹ́yìn. Ó fi ìdọ̀tí inú gọ́tà kún un, ó sì fi àwọn àbàtà tó ń gba omi dúró tẹ́lẹ̀ kún un, tí wọ́n ti fi iyanrìn dí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ó sì dán mọ́rán. Nígbà tó ń ròyìn fún mi, ó ní ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn òun nígbà tí ọkùnrin náà bi òun ni pé, “Ọ̀sà ti kún ilé ara rẹ̀, kò lè gbàlejò.” Ó ti gba lẹ́tà iṣẹ́ rẹ̀ báyìí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tún ṣe ohun kan tó yẹ kí n sọ, torí àwọn tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi láti Mushin, sáyẹ́ǹsì náà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo gbé páànù, agboòrùn àti koríko orí ọ̀sà kalẹ̀ fún un bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo dán an wò, ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé páànù ni wọ́n fẹ́ ká mú ni?” Kò rí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja rí. Mo ti sọ ohun tó jẹ́ ayé ọmọ kan di ìdáhùn tí òmíràn ń kọ́ sórí.

Mo pa ìwé dé, mo bi í ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé wọn. Bàbá rẹ̀ ń lẹ táyà létí títì, òun náà sì ti ń bá a fọn afẹ́fẹ́ sí i láti ìgbà tó wà ní pírámárì. Mo ní ṣé àárọ̀ ló ń fọn ún kún jù ni, àbí ọ̀sán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ta ni yóò fọn ún kún lọ́sàn-án gangan? Táyà tó ti rìn jìnnà, tó ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á ti máa tì í. Bàbá mi á ní ká jẹ́ kó tutù ká tó wọ̀n ọ́n.” Mo ní kí ló ń jẹ́ kó máa tì í? Ó gbé bírò sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ẹni di táyà mú, ó ń wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé tuntun tí mo rà fún un, ó kọ AFẸ́FẸ́ sókè, ó sì fa ẹ̀ka kan sílẹ̀: èyí tó wà nínú táyà.